Kọ́tééjì tó ní hot tub létí òkun Wales: èwo ni kí n mú fún ọjọ́ ìbí Màmá?

Ìyá Tolú, Luton

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti rin ọ̀nà yìí rí.

Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n á pé àádọ́rin ọdún ní ìparí oṣù Kẹwàá. A ò gba họ́ọ̀lù, a ò pe elérè. Ilé kan la fẹ́ gbà fún òru mẹ́rin létí òkun ní Wales nígbà ìsinmi àárín táàmù, kí gbogbo wa jọ wà lójú kan. Àwa mọ́kànlá ni: àgbà mẹ́fà, Màmá wà nínú wọn, ọ̀dọ́ méjì, ọmọdé mẹ́ta. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìyàwó àbúrò mi sì lóyún oṣù mẹ́ta.

Àwọn ọmọ ti fi ọ̀rọ̀ hot tub, agbada ńlá olómi gbígbóná tí èèyàn ń jókòó sí níta, dá mi lágara. Wọ́n ní bí kò bá sí i, àwọn ò lọ. Màmá gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ní, "Omi gbígbóná níta gbangba, nínú òtútù? Ṣé ẹ fẹ́ sè mí bí iṣu ni?"

Ilé mẹ́ta ló wà níwájú mi. Ọ̀kan wà nítòsí Saundersfoot ní Pembrokeshire, £1,400. Ọ̀kan wà ní Gower, £1,250, àmọ́ èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta wà ní Anglesey, erékùṣù kan lápá àríwá Wales, £1,100, igi ni wọ́n fi ń dáná sí hot tub tiẹ̀. Èwo ni kí n mú? Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ ìyá yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Anglesey. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, wákàtí méjì ni, ọ̀nà A55 ló gbé wa dé orí afárá. Etíkun Benllech tẹ́jú, iyanrìn rẹ̀ dára fún ọmọdé. Hot tub onígi sì dùn ju ti iná mànàmáná lọ. Kò sí ariwo ẹ̀rọ, òórùn igi á máa ta yín nímú bíi pé ẹ wà lábúlé. Ẹ sì rí i pé òun ló dínwó jù.

Akin, Swansea

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin lẹ wà ní Manchester, Luton ni wọ́n wà. Láti Luton sí Anglesey àti láti Luton sí Saundersfoot kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyíkéyìí nínú méjèèjì á gbà tó wákàtí márùn-ún bí ẹ bá ń dúró kí àwọn ọmọ tọ̀, ẹ ó sì dúró.

Ìyá Tolú, ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Abertawe (Swansea náà ni o, orúkọ tí àwọn onílùú ń pè é nìyẹn). Ó yẹ kí n sọ pé kí ẹ wá sí Gower, torí ilẹ̀ wa ni. Òun ni ibi àkọ́kọ́ ní gbogbo Britain tí wọ́n fi òfin dáàbò bo ẹwà rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ní 1956. Bí ẹ bá dúró lókè Rhossili, iyanrìn tó tó máìlì mẹ́ta ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Àmọ́ bí onílé bá ti kọ mẹ́wàá, mẹ́wàá náà ni. Ọmọ ọwọ́ tó ń sùn nínú kọ́ọ̀tù nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn kì í kà, ọmọ ọdún mẹ́rin ti di odindi èèyàn. Bí ẹ bá kó ẹni kọkànlá wọlé lẹ́yìn onílé, ó lè lé gbogbo yín jáde lóru, kó má sì dá kọ́bọ̀ padà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ yọ Gower kúrò.

Saundersfoot ni kí ẹ mú. Kì í ṣe Tenby o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máìlì mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Tenby lẹ́wà, odi àtijọ́ ṣì yí i ká, ilé etí òkun rẹ̀ sì jẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, yẹ́lò, búlúù. Ṣùgbọ́n orí òkè ni ìlú wà, ìsàlẹ̀ ni òkun wà, àtẹ̀gùn ló wà láàárín. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní gbádùn rẹ̀. Ní Saundersfoot, ibi tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò sí nítòsí èbúté, ìṣísẹ̀ díẹ̀ lẹ ti dé orí iyanrìn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ má gba "nítòsí òkun" gbọ́ lójú ìwé. Ẹ ní kí onílé sọ fún yín iye ìṣẹ́jú tí àgbàlagbà máa fi rìn ín, kó sì sọ bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà. Mo mọ ilé kan tí wọ́n kọ "ẹ ó máa wo òkun" sí. Ẹ gun orí àga nínú yàrá òkè kẹ́ ẹ tó rí i.

Bàbá Káyọ̀dé, Croydon

Ẹ kó owó ṣẹ́ńjì dání o, torí wọ́n ń gba owó lórí afárá Severn bí ẹ bá ń wọ Wales. Nípa ti Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 78 nígbà tá a lọ ní 2016. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n sùn.

Sísí Bristol

Bàbá Káyọ̀dé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Wọ́n ti fagi lé owó afárá yẹn látinú oṣù Kejìlá 2018. Mo ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni lọ bọ̀.

Ohun tó máa gba owó lọ́wọ́ yín ni eré sísá. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ọ̀pọ̀ ọ̀nà àárín ìlú àti abúlé tí wọ́n ti ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ ti di 20 ní Wales. Kámẹ́rà kò mọ àlejò.

Akin, Swansea

Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ti dá àwọn kan padà sí 30. Àmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ẹ máa wò, ẹ má fọkàn sọ ọ́. Ẹ ó tún máa rí ARAF tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú títì. "Rọra" ló túmọ̀ sí lédè wọn. Ọmọ mi kékeré rí i títí, ó ní, "Dádì, ta ni Araf yìí tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ káàkiri?"

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì, Leicester

Bàbá Káyọ̀dé, a dúpẹ́ pé Bàbá yín jáde láyọ̀. Ẹ má fi ṣe ìmọ̀ràn fún ẹlòmíràn.

Ìyá Tolú, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Omi gbígbóná máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wá lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí Màmá ń lò ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá jókòó sínú omi, ẹ ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á tiẹ̀ máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n bá dìde fùú láti jáde ni òòyì á gbé wọn, lórí àtẹ̀gùn kékeré tó tutù tó ń yọ̀, nínú òkùnkùn. Mo ti gba irú wọn ní wọ́ọ̀dù, ìbàdí ló sábà máa ń kán.

Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn ní Ìbàdàn kí wọ́n tó wọ báàlù. Bí dókítà bá gbà, kí ẹ dín omi náà kù sí dígírì 37 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí ẹni méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n mu omi ṣáájú, kí wọ́n sì jókòó sétí rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, ẹsẹ̀ wọn lè má mọ bí omi ṣe gbóná tó.

Aláboyún ní tiẹ̀, rárá. Ọ̀pọ̀ hot tub lè gbóná dé dígírì 40. Kí ara ìyá gbóná jù láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò dára fún ọmọ inú. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà, èmi ò ní kí ó wọ̀ ọ́, ara ọmọdé tètè ń gbóná. Ẹ wá nǹkan míì fún un.

Kí ẹni tó bá mu ọtí má wọ̀ ọ́ rárá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ èyí.

Bàbá Káyọ̀dé, Croydon

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà náà jayé díẹ̀.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì, Leicester

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ayé ni, Bàbá.

Dípọ̀, Wrexham

Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àtúnṣe àti ìtọ́jú hot tub ni mo ń bá wọn ṣe fún àwọn onílé ìsinmi lápá àríwá níbí.

Ẹ gbàgbé onígi. Ó dùn lójú, àmọ́ ó máa ń gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gbóná. Bó bá wá gbóná, kò sí nǹkan tó ń dá a dúró. Ẹni tó ń kó igi sí i ló ń pinnu. Ẹ ní ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru, aláboyún àtàwọn ọmọdé nínú ilé, ẹ sì fẹ́ fi ìwọ̀n ooru omi lé ọ̀dọ́ tó ń tẹ fóònù lọ́wọ́? Èyí tó ń lo iná mànàmáná ni kí ẹ mú, tí ẹ lè tẹ nọ́ńbà sí, tí ẹ sì lè tì pa.

Ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ tó sanwó. Ṣé ó máa ń da omi nù, tó sì ń fọ inú rẹ̀, kí àlejò tuntun tó dé? Ta ló ń wá yẹ omi wò láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ máa lò? Bó bá ní, "Omi náà mọ́, ẹ má dààmú," ẹ wá ilé mìíràn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella, inú oru omi ló máa ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa àgbàlagbà. Òmíràn ń mú kí ara sú wínníwínní, pàápàá níbi tí aṣọ ìwẹ̀ bá dì mọ́.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ra ògiri inú rẹ̀. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ pe onílé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí oògùn kùlórínì bá ń ta gbọ̀ọ̀rọ̀ nímú, omi náà mọ́ nìyẹn. Òdì kejì ni. Òógùn àti ìtọ̀ ló ti bá oògùn náà pò, tí òórùn fi ń jáde. Omi tó mọ́ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn.

Ẹ má sì ṣèlérí hot tub fún àwọn ọmọ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Bí onílé bá da omi nù láàárọ̀, tó tún rọ omi tútù sí i, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í gbé e sókè ju dígírì kan tàbí méjì lọ láàárín wákàtí kan. Ẹ fi ọkàn ṣírò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Dípọ̀, ẹ̀yin lẹ ń tún ti mànàmáná ṣe, kò lè ṣe kẹ́ ẹ má pọ́n ọn.

Dípọ̀, Wrexham

Èyí tó bá bàjẹ́ ni mo ń rí owó lórí ẹ̀, onígi kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ọjà ni mò ń wá, mi ò bá ní kí wọ́n mú onígi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin mélòó lẹ lọ sí Anglesey yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ọkùnrin mẹ́rin. Kò sí ọmọdé. Ó dáa, mo gbà.

Alàgbà Fẹ́mi, Liverpool

Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà àríwá, ẹ yà ní Colwyn Bay. Kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé ni oníwàásù ará Wales kan, William Hughes, ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà níbẹ̀. Ó wà títí di 1912. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò padà sílé, ibojì wọn wà ní Old Colwyn títí dòní.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Alàgbà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dá wa padà sínú omi, torí ohun tójú mi rí nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, a gba ilé kan lápá ìwọ̀ oòrùn Wales. Àwa obìnrin méje. Alẹ́ ni, òtútù ń mú, ká tó wọ omi a ti fi òrí àti ìpara kun ara wa láti orí dé ẹsẹ̀, bá a ṣe máa ń ṣe. A wọlé, ẹnì kan tẹ bọ́tìnì tó ń rú omi sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìfófó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí ìgbà tí wọ́n da OMO sínú rẹ̀. Ó dé àyà, ó dé ọrùn, ó ṣàn kúrò létí rẹ̀ wọ inú koríko. À ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ̀ pé owó wa ló ń ṣàn. Lówùúrọ̀ omi ti di bí omi ìfọṣọ, òrí ti dì mọ́ asẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀rá bá dì lórí ọbẹ̀ tútù. Onílé yọ £150 nínú dìpọ́sítì wa. Mo bínú nígbà yẹn, àmọ́ bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ Dípọ̀ yìí, ó jàre.

Nítorí náà: kí gbogbo yín fi ọṣẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi ìpara sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde.

Irun ńkọ́? Ẹni tó bá di irun, kó di í jọ sókè kó sì dé fìlà ìwẹ̀, irun tó bá fa omi olóògùn mu máa ń wúwo, ó sì ń rùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìláṣà sírun, kó má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹni tó bá fi gúlúù lẹ wíìgì, oru á tú u. Ọ̀kan nínú àwa méje yẹn, iwájú wíìgì rẹ̀ ṣí sókè bí ìdérí ìkòkò níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un.

Sísí Bristol

Ìyá Ìbejì, mo ti bú sẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì.

Oúnjẹ ni tèmi. Ẹ ra gbogbo nǹkan yín ní Luton: ẹ̀lùbọ́, èlò ọbẹ̀, ẹran, ata. Swansea àti Cardiff ní ṣọ́ọ̀bù wa, Saundersfoot kò ní. Ẹ lọ ata, kẹ́ ẹ sì din ín nílé, kó dì nínú fírísà kẹ́ ẹ tó gbéra. Mo din ata nínú kọ́tééjì kan rí, aago èéfín ké, àwọn aládùúgbò jáde tàwọn ti aṣọ ìsùn. Ọ̀pọ̀ ilé abúlé ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí wọn kò lọ sínú páìpù ìlú, sọ́kàwéè ni bíi tilé. Ẹ má da òróró sínú síńkì.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ onílé máa ń ní kí ẹnikẹ́ni má wà nínú hot tub lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Ohùn wa máa ń lọ jìnnà lórí omi, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìyá Tolú, Luton

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo ti pe ti Saundersfoot. Mànàmáná ni tiẹ̀, wọ́n ní àwọn máa ń da omi nù lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan sì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Owó ló kù. £1,400 wúwo.

Akin, Swansea

Ẹ ná an. Ẹ má tijú. Láti oṣù Kẹrin 2023, ilé ìsinmi ní Wales gbọ́dọ̀ rí àlejò fún ọjọ́ 182 láàárín ọdún kí ìjọba tó kà á sí òwò. Bí kò bá pé, owó orí ilé gbígbé ni onílé á san, àwọn káńsù kan sì ń fi èlé gọbọi lé e fún ilé tí onílé kì í gbé. Oṣù Kẹwàá ti ń lọ sópin ọdún, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń wá ọjọ́. Lóòótọ́, ìsinmi ọmọ iléèwé ni, wọn ò ní já a bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi òru kan kún un ní iye kan náà.

Ìyá Tolú, Luton

Wọ́n gbà! Òru márùn-ún, £1,400. Mo ti san ìdajì.

Ìyá Tolú, Luton

A ti dé o, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Alẹ́ àkọ́kọ́, omi wà ní 29, Dípọ̀ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbóná, àwọn ọ̀dọ́ sì wọ̀ ọ́ nínú òjò, wọ́n ní ìyẹn gan-an ló dùn jù, kí orí máa tutù kí ara máa gbóná. Etíkun rí bí Akin ṣe wí. Màmá rìn ín lójoojúmọ́, wọ́n ṣa ìkarahun kún inú báàgì wọn.

Dókítà ní kí Màmá má wọ hot tub. Wọ́n ní kò burú. Ní alẹ́ ọjọ́ ìbí, mo rí i tí wọ́n gbé báàfù ìfọbọ́ jáde látinú kíṣìnì, wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, wọ́n gbé àga sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ hot tub, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, wọ́n fi ìborùn bo orúnkún. Ìyàwó àbúrò mi gbé tiẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin gbé ẹsẹ̀ tiẹ̀ sínú báàfù Màmá. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ìjàpá, àwọn tó wà nínú omi ń gberin. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ nígbà tí onílé fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn aládùúgbò ń bèèrè irú orin wo nìyẹn.

Wọ́n dá dìpọ́sítì padà, wọ́n yọ £20. Epo pupa kán sórí aṣọ tábìlì.

Ìyá Ìbejì, Peckham

£20 péré? Epo pupa? Ẹ rọra dúpẹ́.